Róòlù Inú Igun: Bí Iṣẹ́ Pátákó Ṣe Yí Padà ní Dọ̀pẹ̀mú

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú, tí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ gba ọ̀nà tó lọ sí Ẹgbẹ́dá, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó kan ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe pátákó, sítíkà àti bánà. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kì í tóbi. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ kan tó ń gé sítíkà, tábìlì gígùn kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan níta. Ohun tó kù níbẹ̀, róòlù ni. Pupa, funfun, dúdú, yẹ́lò; àwọn kan nà gbalaja sílẹ̀, àwọn kan dúró sí igun bí ẹní tí ìyá àgbà ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú irú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni a lọ ní sáà tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ ṣe bánà fún ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Iná ò sí, a sì ń dúró. Ọ̀kan nínú wa rí róòlù kan nílẹ̀, ó jókòó lé e bí ẹni jókòó lé bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fò dìde: "Ẹ dákun, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn! Owó iléèwé àwọn ọmọ mi lẹ jókòó lé o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé róòlù náà, ó fi ọwọ́ rá a láti orí dé ìdí bí ẹni tó ń wá egbò lára ọmọ, ó sì gbé e padà síbi tó yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni a gbé délé. Báwo ni ohun tó dà bí ẹní lásán ṣe di owó iléèwé? Àwọn bàbá tó ń kọ pátákó láyé àtijọ́, kí ni àwọn ń tọ́jú? Àwa tí a ń ka ìtàn ní yunifásítì máa ń wá ìtàn lọ sí ààfin àti ojú ogun. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a rí i pé ìtàn kan wà nínú igun ṣọ́ọ̀bù yẹn tí wọn ò kọ́ wa ní kíláàsì. Òun la fẹ́ sọ lónìí.

Nígbà tí ọrọ̀ iṣẹ́ wà ní ìka ọwọ́

Kí sítíkà tó dé, ẹni tó ń kọ pátákó, tí àwọn èèyàn ń pè ní sáìn-ráítà, kì í ní ẹrù púpọ̀. Agolo ọ̀dà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, burọ́ọ̀ṣì ńlá àti kékeré, kẹrosíìnì tí yóò fi fọ̀ wọ́n, rúlà gígùn, àti okùn tó fi ẹfun pa kí ìlà rẹ̀ lè tọ́. Ó lè kọ̀wé sára páànù, sára pákó, sára ògiri, sára ọkọ̀. Bí ojú ọ̀dà bá dì nínú agolo, yóò ṣí awọ rẹ̀ kúrò, yóò da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń lọ sílé lálẹ́, burọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó dára jù lọ lè wà lápò rẹ̀. Olè tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru ò lè jí ohun gidi gbé, nítorí pé ohun gidi wà ní ìka ọwọ́ ọ̀gá.

Ìka ọwọ́ yẹn ló kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́lẹ̀kájà àti mólúè tí àwọn òbí wa wọ̀. Ọ̀mọ̀wé Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi kọ̀wé nípa àwọn ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tí wọ́n ń pè ní Africa ní 1988. Ó kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí a lè gbà mọ irú ayé tí awakọ̀ Yorùbá ń gbé. Ní Onitsha, ọkùnrin kan wà tó ń kọ pátákó fún àwọn onígẹ̀rẹ́ àti onílé oúnjẹ, Augustin Okoye ni orúkọ rẹ̀, Middle Art sì ni orúkọ tí ó ń kọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà rí i. Pátákó onígẹ̀rẹ́ di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn àfihàn.

Gígé àwòrán jáde lára ohun pẹlẹbẹ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé àwòrán jáde lára síńkì. Inú àpótí tí wọ́n fi ń kó tíì wọ̀lú ni wọ́n ti ń rí síńkì náà láyé àtijọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra ojú ihò rẹ̀, kí aró má baà wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ṣe ń jáde nìyẹn. Nígbà tí sáìn-ráítà ń fi bíléèdì gé lẹ́tà jáde lára páálí kí ó lè fi ọ̀dà tẹ orúkọ kan náà sára ọgbọ̀n àga ìyálò, ọgbọ́n àwọn aládìrẹ ló ń lò.

Kíká àwòrán náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí sítíkà. Ní Gánà, ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, àwọn tó ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀. Wọ́n tún máa ń gbé àwòrán fíìmù náà dání, èyí tí àwọn ayàwòrán fi ọ̀dà yà sára àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú tí wọ́n sì rán pọ̀. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi kọ́. Bí fíìmù bá parí, wọ́n á ká a, ó di ìlú mìíràn. Àpò ìyẹ̀fun ò ní wàhálà. Ẹ lè ká a, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ lè sùn lé e lórí. Ẹni tó bá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú róòlù sítíkà ti ṣòfò.

Ibi tí róòlù ti gbéra

Ní 1926, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Waldo Semon tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich ń wá ohun tí yóò lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ohun tí ó ń wá kọ́ ló rí. Ó rí i pé bí òun bá se PVC, ike líle kan tí àwọn èèyàn ò tíì rí ìlò gidi fún, pọ̀ mọ́ àwọn èròjà kan tó dà bí òróró, yóò rọ̀, yóò sì ṣe é tẹ̀. Ike rírọ̀ yẹn ni ìyá sítíkà, ìyá flex tí a fi ń ṣe bánà, ìyá awọ orí àga inú dáńfó. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òróró yẹn sọ́kàn. Òróró tó mú ike rọ̀ kì í jókòó síbì kan títí láé; ooru máa ń lé e jáde díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú wàhálà ṣọ́ọ̀bù Dọ̀pẹ̀mú, ibẹ̀ ló ti wá.

Ní 1935, R. Stanton Avery ṣe lébẹ́lì tó ní àtè lẹ́yìn fúnra rẹ̀ ní Los Angeles, èyí tí èèyàn kàn lè bó kúrò lára bébà kó sì lẹ̀ mọ́ nǹkan láì fi omi tàbí gọ́ọ̀mù kankan kún un. Nígbà tí ọgbọ́n Semon àti ọgbọ́n Avery pàdé, a ní ohun tó wà nínú igun ṣọ́ọ̀bù náà: ike lókè, àtè láàárín, bébà yíyọ̀ lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì wé mọ́ páìpù páálí kan. Ohun mẹ́ta tí ìwà wọn ò bára mu ló ń gbé pọ̀ nínú róòlù kan. Ike kò fẹ́ ooru, àtè kò fẹ́ eruku, bébà kò fẹ́ omi.

Ẹni tó gbé róòlù wọ iṣẹ́ pátákó ni Joseph Gerber. Ìlú Vienna ni wọ́n bí i sí, Júù ni, ó sì sá àsálà lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀dọ́ nígbà tí àwọn Násì gba ìlú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń fi ọ̀bẹ kékeré gé lẹ́tà jáde lára róòlù sítíkà bí kọ̀ǹpútà bá ṣe pàṣẹ fún un. Lẹ́tà tí sáìn-ráítà yóò fi ọ̀sán kan kọ, ẹ̀rọ náà gé e ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí iṣẹ́ sáìn-ráítà kan ní ayé tí ẹ̀rọ yìí kò pàpà kàn nígbẹ̀yìn, yálà ní New York tàbí ní Agége.

Bí ó ṣe di tiwa

Ní Èkó, ohun púpọ̀ ló ṣí ọ̀nà fún róòlù. Ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù GSM bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ àti nọ́ńbà NITEL ni ó máa ń wà lára pátákó, bí onípátákó bá tilẹ̀ ní in. Láàárín ọdún díẹ̀, télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, gbogbo wọn ní nọ́ńbà oníye mọ́kànlá tí wọ́n fẹ́ kí ayé rí. Nọ́ńbà a máa yí padà, sítíkà sì rọrùn láti bó kí a lẹ òmíràn. Ìjọba alágbádá ti padà dé ní 1999, ìdìbò sì ń wáyé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Kò sí olóṣèlú tí kò fẹ́ kí ojú òun wà ní gbogbo ìkóríta. Ní 2006, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LASAA sílẹ̀ láti máa bójú tó pátákó àti ìpolówó ní gbangba. Láti ìgbà náà, pátákó kò jẹ́ ohun tí èèyàn kàn rì mọ́lẹ̀ bó ṣe wù ú mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wá ń wọlé, ọ̀pọ̀ láti Ṣáínà, àwọn tó ń tẹ àwòrán aláwọ̀ mèremère sára flex tí ìbú rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Òkú ọ̀run, ìgbéyàwó, ìsọjí, ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ di bánà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré kò lágbára láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, wọ́n ní róòlù, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ ńlá lọ sí Ṣómólú tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ńlá. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ní tirẹ̀ gan-an, tí owó ọ̀gá so mọ́, ni róòlù. Ọrọ̀ iṣẹ́ ti kúrò ní ìka ọwọ́, ó ti dé inú igun.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú róòlù

Àwa kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ ti pa iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà lé díẹ̀. Bí a ṣe dúró de iná lọ́jọ́ náà, a bi ọ̀gá náà léèrè bí ó ṣe ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó léṣọ̀ wákàtí méjì. A wá rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kò kú. Ó kúrò lórí burọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ìdí róòlù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbé. Ẹ wo róòlù flex kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3.2, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Bí mítà kan níbùú-lóròó bá wọn gírámù 440, gbogbo rẹ̀ yóò tó nǹkan bí kílò 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Róòlù sítíkà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 137, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 50, fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, nǹkan bí kílò 20. Èyí ló ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ. Yóò gbé e lé èjìká kan ní àárín, orí àti ìdí rẹ̀ yóò máa fì, àárín yóò sì tẹ̀. Ohun tó bá ti tẹ̀ nínú sítíkà kì í padà bọ̀ sípò. Ìlà funfun kan yóò hàn níbẹ̀, ibi tí oníbàárà yóò sì kọ́kọ́ wò nìyẹn. Èèyàn méjì ló yẹ kó gbé e, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. A kì í wọ́ ọ nílẹ̀. A kì í fi orí rẹ̀ gún ilẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí bí etí rẹ̀ bá ti rún, ibi rírún yẹn yóò máa hàn ní gbogbo ìyípo títí yóò fi tán.

Lẹ́yìn gbígbé ni gbígbé kalẹ̀. Bí a bá to róòlù jọ bí igi ìdáná, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ ìyà gbogbo àwọn tó kù. Ara rẹ̀ yóò di pẹlẹbẹ níbì kan, páìpù páálí inú rẹ̀ yóò sì fọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, kò ní yí geere mọ́, yóò máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ọ̀bẹ yóò sì gé "O" tí orí rẹ̀ kò ní pàdé ìdí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá náà fi fò dìde nígbà tí ọ̀rẹ́ wa jókòó. Bí a bá fi róòlù ti ògiri láìsí ohun tó dì í mú, yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó. Ó lè dúró ṣánṣán nínú páálí tó bá a wá, pẹ̀lú ike tí wọ́n fi dí orí àti ìdí rẹ̀, lórí pákó tó gbé e kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù lọ ni pé kí a fi páìpù irin gba inú rẹ̀ kọjá, kí a sì gbé páìpù náà kọ́ sára ògiri, kí ohunkóhun má fara kan ojú sítíkà. Wẹ́dà àdúgbò ló jó irin yẹn fún ṣọ́ọ̀bù tí a lọ, ìlà mẹ́fà lórí ara wọn, àwọ̀ tí wọ́n ń lò jù lọ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o.

Lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ìwé àwọn tó ń ṣe sítíkà àti ayé Èkó kò bára mu. ORAFOL, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe sítíkà Oracal, sọ pé róòlù lè wà fún ọdún méjì kí wọ́n tó lò ó, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 50 nínú 100. Ta ló ní 20°C ní Dọ̀pẹ̀mú? Ní ọ̀sán, ooru Èkó sábà máa ń kọjá 30°C, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi kọ̀ǹténà ṣe, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iná tí yóò gbé ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán-tòru, bí wọ́n bá tilẹ̀ rówó rà á. Nínú ooru, òróró inú ike ń rìn lọ sínú àtè. Ike ń sún kì, àtè ń yọ jáde létí róòlù, bébà ẹ̀yìn kò sì ní fẹ́ bó mọ́. Sítíkà tó ti di bẹ́ẹ̀ lè dára lójú, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká lára ọkọ̀ oníbàárà kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ohun tí ọ̀gá náà ṣe nìyí. Kò gbé róòlù súnmọ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń pa, kò sì gbé e súnmọ́ àjà. Bí ó bá ti gé tán, yóò ká a padà kó le dáadáa, yóò fi téèpù dì í, yóò dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Ó fi máákà kọ oṣù tó rà á sínú páìpù páálí rẹ̀, èyí tó bá sì pẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ lò. Kì í ra ohun tí kò ní tà láàárín oṣù mélòó kan, bó ti wù kí oníṣòwò Ṣómólú dín owó rẹ̀ kù tó. Kò rí ìwé àwọn ará Jámánì kà rí. Ojú ló fi kọ́ ọ, àṣìṣe ló sì fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀tá róòlù kò tán síbẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, bébà ẹ̀yìn á mu ọ̀rinrin, etí rẹ̀ á máa ṣe bí etí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀. Bí a bá fi irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orí ẹ̀rọ lè kọlù ú. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á lẹ̀ mọ́ àtè tó wà létí róòlù, nígbà tí wọ́n bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, hóró eruku kan ṣoṣo á wú bí ewo. Ikán kì í jẹ ike, ṣùgbọ́n ó ń jẹ bébà, bébà sì ni ẹ̀yìn àti àárín róòlù. Eku ò mọ̀yàtọ̀. Àgbàrá náà wà: ní àdúgbò tí gọ́tà rẹ̀ dí, omi lè wọ ṣọ́ọ̀bù lóru kan ṣoṣo, gbogbo ohun tó dúró sílẹ̀ lásán á sì mu omi láti ìdí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé pákó sórí búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó gbé róòlù lé e.

Títẹ̀ náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Íǹkì tí wọ́n fi tẹ bánà kò tíì gbẹ dénú nígbà tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ gbẹ lójú. Ó yẹ kó sinmi fún odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó, kí atẹ́gùn inú íǹkì lè jáde. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ gbé bánà lọ, kíká ni kó ká a, kí àwòrán wà lóde, kó má pa á pọ̀ bí aṣọ. Níbi yìí, àwa náà jẹ̀bi. Bánà ìkíni-káàbọ̀ yẹn, a pa á pọ̀ sí mẹ́jọ, a rọ ọ́ sínú báàgì, nígbà tí a sì fi kọ́, ìlà kan gba àárín orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa kọjá bí ẹni fi bíléèdì fà á. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. A ti mọ̀ báyìí pé kò yọ bánà sílẹ̀.

Ìgbà tí náírà jábọ́

Iṣẹ́ yìí ti mọ ìyà owó tipẹ́. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tí náírà sì ń wálẹ̀, ohunkóhun tó bá gba orí omi wọlé ló gbówó lórí, títí kan èròjà ọ̀dà. Ṣùgbọ́n sáìn-ráítà ìgbà náà lè fẹ ọ̀dà lójú, ó lè kọ lẹ́tà tín-ín-rín, ó lè lo pákó àlòkù. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ò gun dọ́là.

Ti ìsinsìnyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà kó wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦470 ṣáájú ìgbà náà kọjá ₦1,500 ní 2024. Òkè òkun ni róòlù ti ń wá. Ẹni tó ń ra róòlù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan rí wá ń ra ọ̀kan. Ẹni tó ń ra ọ̀kan wá ń ra gígé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lónìí, márùn-ún lọ́la. Gígé kò ní páálí, kò ní ọ̀rá, kò ní páìpù àárín; tọwọ́tọwọ́ ni wọ́n ń ká a, ìtọ́jú rẹ̀ sì le ju ti odindi lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, bí owó ti ń wọ́n ni ọgbọ́n ìtọ́jú ń ṣe pàtàkì sí i. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tó bà jẹ́ lè gbé èrè iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ó tún yí ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà. Ọmọ iṣẹ́ sáìn-ráítà máa ń fi ọ̀dà kọ "A" sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò bínú. Ọmọ iṣẹ́ òde òní ò lè fi sítíkà dánra wò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ni gbígbé, kíká, nínu àti títò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ lórí ìwọ̀nyí ni wọ́n tó gbà á láyè dé ìdí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan rò pé ìyà ni. Ọ̀kan tí a bá níbẹ̀ sọ fún wa pé oṣù mẹ́rin ni òun fi ń gbé róòlù nìkan. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ẹni tí kò bá lè tọ́jú róòlù, kí ló fẹ́ gé?" A ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn.

Ohun tó ń ṣẹ́kù

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, àpótí kan wà tí wọ́n ń kó àjákù sí. Àwọ̀ búlúù tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ iléèwé kan, wúrà tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ ọlọ́jọ́ ìbí, pupa ara ẹ̀rọ POS. Ọ̀gá náà fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, ó ń sọ ẹni tó ni ín àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwa tí wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń wá àkọsílẹ̀ ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Ìbàdàn dúró, a ń wò ó. Àpótí àjákù yẹn, ilé ìpamọ́ ìwé ni. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá kó lọ, tàbí tí wọ́n bá wó iwájú títì, ìdọ̀tí lásán ni yóò dà lójú àwọn mìíràn.

Ohun tí àwọn sáìn-ráítà kọ pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní òde. Ògiri ti gba ọ̀dà mìíràn, flex ti bo páànù. Flex fúnra rẹ̀ kì í pẹ́, oòrùn Èkó ń ṣá a. Bí ayẹyẹ bá ti kọjá, yóò di ìbòrí àtẹ, yóò di ògiri kíósìkì, yóò di ohun tí wọ́n fi bo gààrí kí òjò má pa á. Bí a ti ń padà sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, a rí ìyá kan tó ń ta ata lábẹ́ ojú olóṣèlú kan tó ti díje tó sì ti kùnà. Ojú náà ti ṣá, ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì ṣá. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́, àwọn tó gbé róòlù rẹ̀ láti Ṣómólú, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Bí bàbá yín tàbí àbúrò bàbá yín bá ti kọ pátákó rí, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè irú ọ̀dà tó lò, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà. Bí ẹ bá ní fọ́tò pátákó àtijọ́ ní Dọ̀pẹ̀mú, Ìkòtún, Ìgàndò tàbí ibikíbi, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó tò ó jọ. Bí ẹ bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù onísítíkà kan tí ẹ ń dúró de iná, ẹ wá bẹ́ǹṣì. Róòlù kì í ṣe ìjókòó.